Power of attorney ò kọjá ẹ̀mí ẹni tó fọwọ́ sí i

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ohun tójú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rí ní Abẹ́òkúta níbí ò jẹ́ n sùn. Òun àtọkọ ẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́lé ní Ọbáńtokò, owó àdìrẹ tó ń tà n'Ítòkú wà nínú ilé yẹn, àmọ́ orúkọ ọkọ nìkan ló wà lórí ìwé. Nígbà tẹ́sẹ̀ ọkọ ò gbà á mọ́, ó fọwọ́ sí power of attorney, ìwé téèyàn fi ń fún ẹlòmíì lágbára láti ṣe nǹkan lórúkọ ẹni, fún un kó máa gbowó ilé lọ́wọ́ àwọn téńáǹtì, ẹ̀gbọ́n mi wé ìwé yẹn sínú ọ̀rá, ó fi sábẹ́ àpótí aṣọ. Lẹ́yìn tọ́kọ kú ló gbé e jáde níwájú ẹbí, lọ́yà tí wọ́n mú wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní màmá, ẹni tó fún yín lágbára yìí ti lọ, agbára náà ti bá a lọ. Òótọ́ ló sì sọ! Kódà kéèyàn má tíì kú, tí ọpọlọ ẹ̀ ò bá ti pé mọ́, power of attorney lásán ò dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi tún sáré lọ sí bánkì ọkọ ẹ̀ torí òun ni next of kin, wọ́n ní kó lọ gba letter of administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun ìní òkú, ní kóòtù gíga. Next of kin kì í ṣe ajogún o, ẹni tí wọ́n máa pè ni. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan ni wọ́n sì ṣe, bẹ́ẹ̀ nínú àṣà tiwa ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń pín in, yálà ní ìdí igi, ìyẹn kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí orí ò jorí, ìyẹn kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tiẹ̀.

Ìyẹn lèmi àtọkọ mi fi wá lọ́yà lọ. Ó ní ká fi ilé wa sínú trust, ìyẹn ètò tí àwọn kan á máa fi di ohun ìní mú fún àǹfààní àwọn tá a dárúkọ, kó wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì, tẹ́nì kan bá lọ kí èkejì máa gbébẹ̀ kó sì máa gbowó ẹ̀ títí tóun náà á fi lọ, kó tó kan àwọn ọmọ. Òfin ilẹ̀ 1978 ní gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ká ṣáà ní sùúrù. Àwọn nǹkan yòókù ká fi wọ́n sínú wíìlì, kí ẹlẹ́rìí méjì jọ wà níbẹ̀ tá a bá ń fọwọ́ sí i, kẹ́ni tó máa jogún má ṣe ẹlẹ́rìí rárá torí á pàdánù ohun tá a fún un.

Ọkọ mi kọ́kọ́ bínú, ó ní ṣé mo fẹ́ kóun kú ni. Mo mú un lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì bá a níbi tó ti ń di ẹrù kúrò nílé tó fowó ara ẹ̀ kọ́, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ títí tá a fi délé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá lọ́yà kan tí á máa ṣàlàyé nǹkan wọ̀nyí ní Yorùbá nínú ìwé ìròyìn yín.

Àbúrò oníàdìrẹ,
Asẹ́rò, Abẹ́òkúta.