Bí báńkì àpapọ̀ ṣe ń ta wúrà ló yẹ ká wò

Sí Olóòtú,

Ìròyìn yín sọ pé owó wúrà yóò já wálẹ̀ bí àwọn báńkì àpapọ̀ bá ń tà á. Ó ku ibi tí ẹ kò dé.

Lọ́jọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn yóò ta èyí tó ju ìdajì lọ nínú tọ́ọ̀nù wúrà bíi 715 tí wọ́n ní. Wọ́n sọ ọjọ́ gbàǹjo àti iye tọ́ọ̀nù ṣáájú. Àwọn oníṣòwò tó gbọ́ yára ta tiwọn, kí wọ́n lè rà á padà nígbà tó bá dínwó. Áńsì wúrà kan (bíi gíráàmù 31) tó ju 280 dọ́là lọ já sí bíi 253 nínú oṣù keje. Bẹ́ẹ̀ tọ́ọ̀nù 25 péré ni gbàǹjo àkọ́kọ́, èyí tí ọjà Lọ́ńdọ̀nù ń tà kọjá fíìfíì lóòjọ́.

Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, báńkì àpapọ̀ 15 ní Yúróòpù fọwọ́ sí i pé títà àwọn kò ní kọjá tọ́ọ̀nù 400 lọ́dún fún ọdún márùn-ún, àwọn kò sì ní fi kún wúrà tí àwọn ń yá ọjà. Títà kò dúró o, ààlà ni wọ́n pa sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, áńsì kan ti kọjá 320 dọ́là.

Ọ̀rọ̀ yíyá yẹn ni àwọn oníròyìn sábà máa ń fò, ó sì ṣe pàtàkì gan-an. Báńkì àpapọ̀ á yá àwọn báńkì tó ń ṣòwò wúrà ní wúrà rẹ̀, á gba èlé díẹ̀. Àwọn yẹn á tà á lójú ẹsẹ̀, wọn á wá fi èyí tí awakùsà ṣèlérí àtifún wọn lọ́jọ́ iwájú san án padà. Wúrà ti dé ọjà, síbẹ̀ nínú ìwé báńkì àpapọ̀, tirẹ̀ ṣì ni. Ashanti Goldfields, ilé iṣẹ́ tó ń wa wúrà ní Gánà, ti ṣe irú àdéhùn àtita wúrà ọjọ́ iwájú bẹ́ẹ̀ jìnnà. Nígbà tí wúrà fò sókè lójijì lọ́dún 1999 yẹn, iye tó ti ṣèlérí láti tà á wá kéré sí ti ọjà; àwọn báńkì tí wọ́n jọ ṣàdéhùn ní kó mú owó ìdúró wá, ìyẹn owó tí yóò fi dá wọn lójú pé kò ní já wọn kulẹ̀, owó kò sì sí nílẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí ilé iṣẹ́ náà wó.

Ẹ tún wo ẹni tó rà á. Lọ́dún 2009, IMF, àjọ tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, ta tọ́ọ̀nù 200 fún báńkì àpapọ̀ Íńdíà láìgbé e dé ọjà. Ṣe ni wúrà tún gbówó lórí.

Lọ́dún 2022, 2023 àti 2024, ohun tí àwọn báńkì àpapọ̀ rà, lẹ́yìn tí a yọ èyí tí wọ́n tà kúrò, lé ní tọ́ọ̀nù 1,000 lọ́dọọdún. Bíi 3,600 ni gbogbo awakùsà ayé ń wà lọ́dún kan. Nítorí náà, báńkì kan tó ta tọ́ọ̀nù mẹ́wàá kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé sójú ewé àkọ́kọ́. Bí ríra wọn bá já sí ìdajì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ta ẹyọ kan, ọjà gbọ́dọ̀ wá ẹlòmíì tí yóò ra tọ́ọ̀nù 500 lọ́dọọdún, owó tí onítọ̀hún bá sì gbà láti san ni wúrà yóò máa lọ.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn