Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ìrìn Àjò JSS 2 sí Lekki

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kìíní, 2026.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ sì kú ìnáwó ìwọlé. Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kúrú kúrò ńlẹ̀: ìsinmi àárín sáà jẹ́ Ọjọ́bọ̀ 26 àti Ẹtì 27 oṣù Kejì, ìdánwò bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹta, a óò sì gba ìsinmi ní Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù Kẹrin. Ìyókù lẹ́tà yìí dá lórí ìrìn àjò àwọn ọmọ JSS 2 sí Lekki Conservation Centre, igbó tí wọ́n dá sí fún ẹranko àti igi ní Lekki, ní Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù Kejì.

A mọ̀ọ́mọ̀ mú àárín ọ̀sẹ̀ ni. Èrò máa ń kún ibẹ̀ ní Sátidé àti ọjọ́ ìsinmi, ariwo á lé ẹranko wọgbó, ọmọ á sì wá fi wákàtí kan tò sórí ìlà. A tún fẹ́ kó kọjá kí ààwẹ̀ tó wọlé, nítorí kò dáa kí ọmọ rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn láì mu omi.

Àwọn òbí kan ti béèrè ìdí tí kò fi jẹ́ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́-Ilé la ń kó wọn lọ. Ìbéèrè gidi ni. Ọgbà yẹn fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Inú ọ̀dàn ni àwọn ẹranko rẹ̀ ti ń jẹ̀ kiri, ẹni tó bá sì fẹ́ rí wọn dáadáa ní láti sùn sítòsí kó lè jáde ní ìdájí. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀, apá Ìgbẹ́tì lókè lọ́hùn-ún ló wà, kò sí nítòsí Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Kì í ṣe ibi tí a lè lọ láàárọ̀ ká sì dé lálẹ́, ọkàn wa kò sì tíì balẹ̀ sí àwọn ọ̀nà ibẹ̀ lásìkò yìí. Ti Lekki, a lè lọ ká sì padà wá sùn sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún àwọn ọmọ pé “zoo” ni wọ́n ń lọ. Kò sí kìnnìún níbẹ̀, ẹ̀dùn ọkàn nìyẹn sì máa ń jẹ́ fún ọmọ tí wọ́n ti ṣèlérí kìnnìún fún. Igbó àbàtà ni, héktà 78, tí igi ògùrọ̀ kún inú rẹ̀. Àjọ Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990 kí ilé kíkọ́ tó gbé gbogbo ilẹ̀ Lekki mì. Olóògbé Olóyè S. L. Edu tó dá àjọ náà sílẹ̀, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìlú rẹ̀ la óò gbà kọjá. Ọ̀nà tí wọ́n fi pákó tẹ́ lórí àbàtà làwọn ọmọ máa rìn. Ọ̀nì wà níbẹ̀, awọ́nríwọ́n wà, ẹyẹ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá wu ẹranko ló ń ṣe; kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ọ̀nì pé kó yọjú.

Ọ̀bọ ló ṣeé ṣe kí wọ́n rí jù. Mona lorúkọ irú tó wà níbẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun, àmì funfun rógódó méjì sì wà nídìí ìrù rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Àmì yìí ni olùkọ́ Basic Science ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá, kó sì yà á sínú ìwé. Ojú àwọn ọ̀bọ yìí ti là sí èèyàn. Bí wọ́n bá gbúròó ọ̀rá bísíkíìtì, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á já a gbà, ọmọ tó bá sì fẹ́ bá wọn fà á, wọ́n lè gé e jẹ. Nítorí náà, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ mú oúnjẹ wọlé, ìbáà ṣe ẹ̀pà inú àpò ṣòkòtò. Inú kúlà, nínú bọ́ọ̀sì, ni ìrẹsì àti adìẹ tí ilé ìdáná wa máa sè yóò wà títí di ọ̀sán. Omi nìkan ni kí wọ́n gbé dání, lítà kan, nínú ike tó ní ìdérí. Ẹ má fún wọn ní “pure water”: wọ́n á fi eyín já a, ọ̀rá rẹ̀ á sì bọ́ sínú àbàtà.

Ká má parọ́, afárá orí igi, tí gbogbo ayé ń pè ní canopy walk, ni àwọn ọmọ ń tìtorí rẹ̀ yọ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401. Níbi tó ga jù, mítà 22.5 ló fi jìnnà sílẹ̀, ìyẹn tó ilé alájà méje. Ilé-ìṣọ́ mẹ́fà ló so ó mọ́ra, wáyà irin ló gbé e dúró, àwọ̀n wà lápá ọ̀tún àti òsì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ sì lèèyàn ń tẹ̀. Ó máa ń mì. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta bá sún mọ́ra tí wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ pọ̀, tàbí tí ẹnì kan bá fò. Mímì náà á ràn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níwájú, ìyẹn á gbá wáyà mú, kò ní lè ṣí ẹsẹ̀ mọ́, gbogbo ìlà á sì há sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ mẹ́jọ ni yóò máa gùn ún, àgbà kan níwájú, àgbà kan lẹ́yìn, ìgbésẹ̀ márùn-ún láàrin ọmọ kan àti èkejì. Orí ilé-ìṣọ́ nìkan ni wọ́n ti lè dúró ya fọ́tò. Fóònù tó bá já bọ́ láti òkè yẹn ti di ti àbàtà, torí náà ẹ má kó fóònù fún wọn. Olùkọ́ méjì yóò máa yà wọ́n.

Ọmọ tí kò bá fẹ́ gùn ún kò ní gùn ún, a kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tó ní ikọ́ efée, àrùn ọkàn tàbí wárápá yóò dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀sì wa. Bí òjò bá ṣú tàbí atẹ́gùn bá le, kò sẹ́ni tó máa gùn ún. Tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé lọ́tọ̀, ti afárá lọ́tọ̀. A kò sì ní ra ti afárá títí a ó fi wo ojú ọjọ́. Bí a kò bá rà á, ẹ óò gba owó rẹ̀ padà.

Aṣọ eré ìdárayá ni kí wọ́n wọ̀, ṣòkòtò gígùn fún ọkùnrin àti obìnrin. Èèyàn ń kọjá lábẹ́ afárá, èyí ni a kò fi fẹ́ síkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń lo híjáàbù, kí wọ́n lo kékeré, kí wọ́n fi pín-ìn-nì dè é dáadáa. Bàtà kánfáàsì olókùn ló dára. Sálúbàtà máa ń há sí àárín pákó. Ẹ fi ìpara ẹ̀fọn pa wọ́n lára nílé, kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì, nítorí òórùn rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí a tì pa ló máa ń mú ọmọ bì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ̀kọ gbígbóná pẹ̀lú àkàrà méjì tó. Ẹ má fún wọn ní oúnjẹ olóròóró púpọ̀.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni bọ́ọ̀sì méjì yóò gbéra, gba Ẹ̀pẹ́, ká lè la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah kọjá. Ọmọ 48, olùkọ́ mẹ́fà, nọ́ọ̀sì kan. Aago méjì ọ̀sán la óò kúrò níbẹ̀. Bí a bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń darí sílé ni a óò jọ máa fa ọ̀nà. Ẹ wá mú ọmọ yín ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Owó rẹ̀ jẹ́ ₦17,500: bọ́ọ̀sì, tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì àti oúnjẹ. Àkáǹtì ilé-ìwé nìkan ni kí ẹ san án sí, ẹ má kó owó lé olùkọ́ kankan lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ san án lẹ́ẹ̀mejì, kó rí akápò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí, ẹ dá a padà kí ó tó di Ẹtì, 23 oṣù Kìíní. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni kó fọwọ́ sí i. A kò ní gba èyí tí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá fọwọ́ sí. Nọ́ńbà fóònù tí ẹ máa tàn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ kọ, ẹ sì kọ ti ẹlòmíràn tì í. Ẹ fàmì sí i bóyá ọmọ yín lè gun afárá tàbí kò lè gùn ún. Bí ó bá ń lo oògùn tàbí ìnhélà, ẹ kọ orúkọ ọmọ náà àti bó ṣe ń lò ó sára páálí oògùn náà, kí ẹ sì fà á lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ẹ pàdé wa ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé ní Sátidé, 17 oṣù Kìíní, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Nọ́ọ̀sì àti akápò yóò wà níjòkòó.

Tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé