Ìyá Ìbejì, jẹ́ kí Kẹ́hìndé kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ìṣirò náà

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Òtútù ọ̀hún ńkọ́? Bá mi kí Bàbá Ìbejì, kí o sì bá mi kí Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé tí o kọ sí mi kò kúrò lọ́kàn mi. O ní bí wọ́n bá kọ 12 − 5 síwájú rẹ̀, kíá ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi ọ̀rọ̀ gbé e kalẹ̀, ojú rẹ ni yóò máa wò. Jọ̀ọ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin tí mò ń kọ́ l'Óṣogbo ń ṣe. Ìṣirò yé wọn. Ìtàn náà ni wọn kì í gbọ́ tán kí wọ́n tó gbá nọ́ńbà mú.

Wo eléyìí: Ṣadé ní ọsàn 12. Ọsàn rẹ̀ fi 5 ju ti Kúnlé lọ. Mélòó ni Kúnlé ní? Wàá rí ọmọ tó máa kọ 17, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé níbi tó bá ti rí "ju lọ", kó rò ó pọ̀, níbi tó bá ti rí "ṣẹ́kù", kó yọ ọ́ kúrò. Inú máa ń bí mi sí àṣà yìí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ ní kíláàsì kejì, ó wá ń já a kulẹ̀ nígbà tí ìṣirò bá le díẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ ń ka ìtàn náà láìdárúkọ nọ́ńbà kankan. "Ṣadé ní ọsàn. Ọsàn rẹ̀ pọ̀ ju ti Kúnlé lọ." Màá wá bi wọ́n pé, ta ni tirẹ̀ pọ̀ jù? Kí la fẹ́ mọ̀? Wọ́n á fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Lẹ́yìn náà la ó fa ìlà méjì sójú pátákó, ìlà gígùn fún Ṣadé, kúkúrú fún Kúnlé, ibi tí ọ̀kan fi gùn ju èkejì lọ ni 5. Láti àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń fi irú àwòrán yìí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Síngápọ̀. Bí a bá ti fa ìlà náà tán ni nọ́ńbà tó kù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ọmọ á sì rí 7 fúnra rẹ̀. Má yára sọ ìdáhùn fún un o, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Mo mọ̀ pé èdè Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ́ Kẹ́hìndé lọ́hùn-ún. Bó bá dé ilé, ní kó fi Yorùbá sọ ìtàn inú ìṣirò náà fún ọ. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, ìṣirò wà níbẹ̀, Òyìnbó sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá, kódà nínú Òyìnbó. Ó ń dùn mí títí dòní pé a ò mú ọ̀nà yẹn lò káàkiri.

Bó bá wá rí ìdáhùn, kó gbé e padà sínú ìtàn. Wọ́n ṣe ìdánwò kan fún àwọn ọmọ ọdún 13 ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980: bọ́ọ̀sì kan ń gba ṣọ́jà 36, ṣọ́jà 1,128 ló ń rìnrìn àjò, bọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n nílò? Ọ̀pọ̀ jù lọ ló pín in bó ṣe yẹ, wọ́n rí 31, ó ṣẹ́ku 12. Síbẹ̀, àwọn tó kọ 32 kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn kan tiẹ̀ kọ 31, wọ́n sì fi ṣọ́jà méjìlá sílẹ̀ sí gáréèjì. Ọmọ tó bá bèèrè pé, "Àwọn méjìlá yẹn ńkọ́?" ni mo máa ń fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kíláàsì.

Bó bá ti ń mọ́ ọn lára, jẹ́ kí Kẹ́hìndé fúnra rẹ̀ dá ìtàn ìṣirò sílẹ̀ fún Táíwò, bóyá láti inú ohun tí ẹ rà lọ́jà. Fi èyí tó bá kọ ránṣẹ́ sí mi. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á bá a ṣe é, wọ́n á sì fi tiwọn ránṣẹ́ sí i.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dúpẹ́