Lẹ́tà sí Ìyá Dárà lórí òǹtẹ̀, yíǹkì àti páúdà káàdì

Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìyá Dárà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ara àwọn ọmọ ńkọ́, àti Bàbá Dárà? Ẹ kú ìfaradà òtútù Winnipeg. Gbogbo wa wà dáadáa níbí, a dúpẹ́.

Mo rí fọ́tò káàdì tí o fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ náà ti ń dán. Ohun méjì tí o ní ó ń dà ọ́ láàmú ni mo jókòó kọ ìwé yìí lé lórí, torí wọn kò ṣeé sọ tán lórí fóònù: páúdà embossing (èyí tí a ń dà lé ọ̀rọ̀ tí a fi òǹtẹ̀ lù nígbà tí yíǹkì rẹ̀ ṣì tutù, tí a sì ń fi ooru yọ́ kí ọ̀rọ̀ lè yọ sókè) tó ń lẹ̀ kiri níbi tí o kò fẹ́, àti àmì abẹ́ lẹ́tà lára òǹtẹ̀ ìrésà tí o gbẹ́, tó ń dí pọ̀ mọ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀. Èkejì ló jẹ mí lógún jù. Mi ò fẹ́ kí o tìtorí rẹ̀ padà sídìí òǹtẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń tà lọ́jà. Ẹni tí a bá fẹ́ kí kú oríire ní Yorùbá, Yorùbá ni kó bá lórí káàdì, kí àmì rẹ̀ sì pé.

Jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti páúdà. Ọwọ́ rẹ kọ́ ló ní ẹ̀bi. Ilé tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú gbóná tọ̀sán-tòru, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń gbẹ táútáú. Bébà tó bá gbẹ bẹ́ẹ̀ máa ń ní iná kékeré lára, irú èyí tó ń ta ni lọ́wọ́ béèyàn bá bọ́ súwẹ́tà. Iná yìí ló ń fa páúdà mọ́ra níbi tí yíǹkì kò dé. Níbí, àfi ìgbà ọyẹ́ ká tó rí irú rẹ̀. Ti àsìkò òjò yàtọ̀: bébà á ti mu ọ̀rinrin, páúdà á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òógùn àti òróró ìka náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí àmì ìka fi máa ń hàn létí káàdì lẹ́yìn tí páúdà bá ti yọ́.

Bu páúdà ọmọdé díẹ̀ sínú sọ́ọ̀kì tínrín tó mọ́, kí o so ẹnu rẹ̀. Fi nu ojú bébà fẹ́ẹ́rẹ́ kí o tó lu òǹtẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí o tó lù ú, torí bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, páúdà ọmọdé á gbé yíǹkì mu. Bó bá sì pọ̀ jù, yíǹkì kò ní mú bébà, ọ̀rọ̀ á wá ní ihò lára. Ní ti ọ̀rinrin, fẹ́ heat gun (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná) sí bébà fún bí ìṣẹ́jú àáyá 5, kí o jẹ́ kó tutù padà. Nígbà tí o bá ti da páúdà lé òǹtẹ̀ tí o sì ti gbọn ìyókù padà sínú ike rẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó gbẹ gbá èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò. Má kánjú níbẹ̀. Páúdà tó bá ti yọ́ kò ṣeé há kúrò láìhá bébà mọ́ ọn.

Yíǹkì ńkọ́? Oríṣi méjì ló wà tó kàn wá. Pigment kì í tètè gbẹ, orí bébà ló máa ń jókòó sí, nítorí náà páúdà á rí ibi lẹ̀ mọ́. Dye máa ń wọ inú bébà lọ lójú ẹsẹ̀. Ó dára fún òǹtẹ̀ tí a kò ní fi páúdà sí, ṣùgbọ́n bí o bá da páúdà lé e, ìdajì ọ̀rọ̀ ló máa yọ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíǹkì òǹtẹ̀ ọ́fíìsì rí. Páàdì yíǹkì VersaMark tí o rà yẹn dára, kò ní àwọ̀, ó sì máa ń tutù pẹ́. Àbúrò rẹ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Láfẹ́nwá lè ta glycerine díẹ̀ sórí fóòmù pẹlẹbẹ, kó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ẹ káàkiri. Glycerine tó bá ṣàn lórí fóòmù ti pọ̀ jù, ìlà òǹtẹ̀ á fẹ̀. Ẹ máa gbé páàdì yíǹkì dojú bolẹ̀ kí yíǹkì lè máa wà lójú rẹ̀.

Nígbà tí o bá ń fi yíǹkì sí òǹtẹ̀, páàdì ni kí o gbé lé òǹtẹ̀, kí o máa tọ́ ọ lé e fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ lo tẹ̀ mọ́ páàdì, yíǹkì á wọ inú kòtò tí o gbẹ́, ara ohun tó sì ń dí àmì rẹ nìyẹn. Tẹ́ bébà mẹ́rin tàbí márùn-ún sábẹ́ káàdì kó lè rọ̀ díẹ̀. Tẹ òǹtẹ̀ lọ́gán, má mì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí o sì gbé e sókè gbọnrangandan.

Iná ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tan heat gun, kí o kọjú rẹ̀ síbòmíràn fún bí ìṣẹ́jú àáyá 20. Bí o bá tàn án lórí káàdì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tí kò tíì gbóná á kọ́kọ́ fẹ́ páúdà lọ. Dráyà irun kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ le, ooru rẹ̀ kò sì tó. Fi péèkì tí a fi ń sá aṣọ di etí káàdì mú, kí ẹnu heat gun jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 5. Dúró síbì kan títí páúdà tó rí bí iyọ̀ á fi yọ́ tí á sì máa dán. Bó bá ti dán báyìí, sún síwájú, má sì padà síbẹ̀ mọ́. Ooru tó bá pọ̀ jù á mú kí páúdà rì sínú bébà. Ọ̀rọ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ, ibẹ̀ á dà bí ẹni pé epo ta sí i, káàdì á sì ká. Èyí tí ooru kò tó á ṣì máa ha ọwọ́, á sì máa bó kúrò. Fún ìlà tínrín, abẹ́ káàdì ni kí o ti fẹ́ iná sí i. Ṣí fèrèsé díẹ̀, bí òtútù bá tilẹ̀ wà, kí Dárà sì jìnnà sí tábìlì.

Kí àbúrò rẹ má ra heat gun àwọn tó ń ṣí ọ̀dà ògiri. Wáàtì 1500 sí 2000 nìwọ̀nyẹn ń jẹ, jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé e, ooru rẹ̀ á sì jó bébà. Kékeré ti oníṣẹ́ ọnà, tó jẹ́ bíi wáàtì 300, ti tó.

Ó wá kan òǹtẹ̀ Yorùbá. Ìrésà funfun tó rọ̀ ni kí o máa gbẹ́. Èyí tó pupa tí a lò nílé ìwé máa ń rún. Fi pẹ́ńsùlù 2B kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó ṣe yẹ kó rí, dojú rẹ̀ bo ìrésà, kí o fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á. Yóò lẹ̀ mọ́ ìrésà lódìlódì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló sì yẹ kó wà. Lódìlódì náà ni lẹ́tà irin tí wọ́n fi tẹ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta yìí ní 1859. Má fi ojú wò ó kọ. Ẹni tó ń fi ojú wò ó máa ń rántí yí lẹ́tà padà, kó wá gbàgbé àmì ohùn. Bí àmì orí «kú» bá yí sódì, «Ẹ kù» ni káàdì máa kà, a kì í sì í fi ìyẹn kí oníyàwó tuntun.

Kí lẹ́tà má kéré sí mìlímítà 10 ní gíga. Àmì abẹ́ rẹ̀ kí ó tó mìlímítà 2, kí àlàfo àárín òun àti lẹ́tà sì tó mìlímítà 2 pẹ̀lú. Mo wo fọ́tò rẹ, àlàfo tìrẹ kò tó ìdajì mìlímítà. Páúdà máa ń fẹ̀ díẹ̀ bó bá ń yọ́, àlàfo tó há bẹ́ẹ̀ á dí dandan, ọwọ́ yòówù kó gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà kan wà tó rọrùn jù: dípò àmì róbótó, gbẹ́ ìlà kékeré tó so mọ́ ìdí lẹ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́. Kò sí àlàfo tó máa dí, gbogbo ẹni tó bá ka Yorùbá á sì mọ̀ ọ́n. Èmi fara mọ́ èyí fún ọ̀rọ̀ kéékèèké. Bó bá jẹ́ pé àmì róbótó lo fẹ́ dandan, má gbẹ́ ẹ rárá. Lu òǹtẹ̀ láìsí i, kí o fi kálámù embossing, èyí tí yíǹkì rẹ̀ kì í tètè gbẹ, tọ́ ọ sí i kí yíǹkì tó gbẹ.

Bí o bá ń gbẹ́ ẹ, kí ojú abẹ dagun síta kúrò lára lẹ́tà, kí ìdí lẹ́tà lè fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ. Bí abẹ bá wọ abẹ́ lẹ́tà, lẹ́tà á máa yẹ̀ nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, á sì ya láìpẹ́. Jíjìn mìlímítà 2 tó. Páúdà tó kúnná jù ni kí o lò fún ọ̀rọ̀, èyí tó hóró kì í jẹ́ kí àmì ohùn hàn. Aṣọ tútù ni kí o fi nu òǹtẹ̀. Asitóònù tí a fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ á jẹ ẹ́. Wé e sínú bébà, má fi sínú ike, torí ìrésà funfun máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ike.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti yọjú, gbìyànjú àwòrán àdìrẹ sí i. O mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ wa: àwọn aládìrẹ Ìtòkú á gbé páànù tí wọ́n ti gé lé aṣọ, wọ́n á fi ẹ̀kọ láfún ra á, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà kò ní mu aró. Páúdà tí kò ní àwọ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí bébà funfun. Lo bébà omi-àwọ̀ (watercolour) tó jẹ́ gíráàmù 300. Lu àwòrán náà, yọ́ páúdà, kó tutù. Wá mú yíǹkì dye aláwọ̀ aró, pò ó mọ́ omi, kí o kùn ún láti orí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun lọ sí èyí tó dúdú, lẹ́ẹ̀mẹta. Dye ni kí o lò, torí wíwọ̀ tó ń wọ inú bébà, tó fi kọ̀ fún wa lẹ́ẹ̀kan, ohun tí a ń wá nìyẹn níbí. Fi tíṣù nu èyí tó bá dúró lórí ìlà. Má fi heat gun gbẹ ẹ, páúdà á tún yọ́, á sì gba àwọ̀ mọ́ra. Bó bá gbẹ tán tí o kò fẹ́ dídán rẹ̀, tẹ́ bébà funfun lé e, kí o fi áyọ́ọ̀nù láìsí omi lọ̀ ọ́. Páúdà á lẹ̀ mọ́ bébà òkè. Máa pààrọ̀ bébà náà títí kò fi ní gbé nǹkan mọ́. Má lo ìwé ìròyìn, yíǹkì rẹ̀ á yí i. Fóòmù tí àwọn oníkàńpálà fi ń lu àbẹ́là gbígbóná sára aṣọ kò dára fún káàdì, ihò ara rẹ̀ á hàn.

Ti káàdì fúnra rẹ̀ kò pọ̀. Gé A4 gíráàmù 250 sí méjì níbùú, ká ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, A6 nìyẹn, mìlímítà 105 sí 148. Ó wọ àpòòwé C6. Fi báírò tó ti gbẹ fa ìlà ibi tí o máa ká láti ìta, kí ibi tó yọ wà nínú. Bí o bá gé A4 lóròó, ìká sábà máa ń dá fọ́nrán bébà kọjá, á sì sán. Àwòrán àdìrẹ kí ó jẹ́ mìlímítà 95 sí 138, kí etí rẹ̀ ku 5 yíká. Téèpù olójú méjì ni kí o fi lẹ̀ ẹ́, gọ́ọ̀mù olómi á mú un ká.

Gbẹ́ «Ẹ kú oríire» tuntun náà, kí o ya fọ́tò ojú ìrésà fún mi kí o tó fi yíǹkì sí i, kí n lè wo bí o ṣe dagun abẹ. Bá mi kí Bàbá Dárà àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyá Tómi.