Ẹ má tíì san owó kún íńtánẹ́ẹ̀tì yín

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú àdúróṣinṣin. Ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ yín ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì ilé yín lágbára tó láti wo fíìmù HD (èyí tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere), tí àmì róbótó yẹn ò fi ní máa yí lójú tẹlifíṣàn? Ẹni tó bá béèrè ti sábà tọ́wọ́ bàpò láti ra pálàànù tó tóbi jù. Ẹ ní sùúrù ná.

Netflix fúnra wọn sọ pé Mbps 3 (Mbps ni ìwọ̀n bí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe yára tó) tó fún 720p, ìyẹn HD kékeré, pé 5 tó fún 1080p, HD tó mọ́ jù ú lọ, pé 4K, tó mọ́ ju méjèèjì lọ, ló ń fẹ́ 15. Bí tẹlifíṣàn yín kì í bá ṣe ti 4K, kí lẹ fẹ́ fi 15 ṣe? Àfi tí èrò bá pọ̀ nílé. Bí bàbá bá ń wo bọ́ọ̀lù ní pálọ̀, tí ọmọ méjì ń wo tiwọn ní yàrá, ẹ ro tiwọn mọ́ ọn.

Màmá kan pè wá lọ sílé wọn ní Bódìjà. Wọ́n ti fẹ́ sanwó tán. Mo ṣí fast.com, ìkànnì tó ń wọn ìyára íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ router, àpótí tó ń pín Wi-Fi nílé: Mbps 22. Mo dé pálọ̀: 3! Inú kọ́bọ́ọ̀dù yàrá ni router wà, wọ́n tún faṣọ bò ó nítorí eruku, bí adìyẹ tó ń sàba. Ògiri búlọ́ọ̀kù méjì ló wà láàárín. A gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Owó ọkọ̀ nìkan ni mo gbà.

Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà nílé yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ router, ẹ wọ̀n ọ́n níbi tí tẹlifíṣàn wà, lọ́sàn-án àti ní aago mẹ́jọ alẹ́. Bí ìgbì Wi-Fi tí wọ́n ń pè ní 5 GHz bá wà lára router yín, òun ló yára jù, àmọ́ ògiri tètè ń dá a dúró; 2.4 GHz ló ń ríbi gbà kọjá, ṣùgbọ́n Wi-Fi àwọn aládùúgbò ń dí i lọ́wọ́. Wáyà láti router sí tẹlifíṣàn ló dáa jù, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀ kó má fà.

Bó bá dáa lọ́sàn-án, tó wá ń wọ́ lálẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ router gan-an, èrò ló pọ̀ lórí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yín. Dátà rẹpẹtẹ ò wo ìyẹn sàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn lẹ máa dán wò.

Ẹ̀yin tí dátà yín níwọ̀n, ẹ rántí pé HD lè jẹ tó GB 3 ní wákàtí kan. Ẹ dín in kù nínú sẹ́tíǹgì bí àwọn ọmọ bá ń wo kàtúùnù.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ́ ẹ bá rí, kẹ́ ẹ mú un wá sí ṣọ́ọ̀bù. A ò gba kọ́bọ̀ láti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.