A kì í fárí lẹ́yìn olórí: ọ̀rọ̀ lórí ọjà ètò kọ̀ǹpútà fún ìtọ́jú aláìsàn nílé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ó ti pẹ́ tí ìròyìn nípa ètò kọ̀ǹpútà fún ìtọ́jú aláìsàn nílé ti ń dá lórí ohun méjì péré: iye tí ọjà náà yóò tó ní ọdún díẹ̀ sí i, àti ilé-iṣẹ́ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kékeré mọ́ra. Ohun tí mo fẹ́ kí àwọn akọ̀ròyìn yín àti gbogbo ẹni tó ń náwó sórí ètò wọ̀nyí máa bèèrè ni pé, nígbà tí wọ́n bá ń dúnàá-dúrà lórí rẹ̀, ta ló wà níjòókòó? Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ rà máa ń wà níbẹ̀, òǹtajà máa ń wà níbẹ̀, ẹni tó mọ òfin ìsanwó dunjú kì í sì í gbẹ́yìn. Aláìsàn tí wọn yóò máa kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ kì í sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì tàbí olùtọ́jú tí yóò máa kọ ọ́. Àwọn àgbà sì ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ìgbàgbọ́ mi, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì jẹun títí tó fi fẹ̀yìn tì, ni pé ọ̀pọ̀ àbùkù tó wà lára ètò wọ̀nyí, ibi tí àwọn méjì yẹn kò sí níjòókòó ló ti ṣẹ̀.

Iṣẹ́ tí ètò náà ń ṣe kò kéré. Òun ló ń sọ ẹni tí yóò lọ sílé ta, lọ́jọ́ wo àti ní aago mélòó. Inú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń kọ bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, bí ojú egbò ṣe ń jinná sí, oògùn tí aláìsàn lò àti èyí tó kọ̀ láti lò. Láti inú rẹ̀ náà ni ìwé owó ti ń lọ bá ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Wọ́n tún ń ta iṣẹ́ mọ́ ọn: kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọn yóò ṣe lò ó, kíkó àkọsílẹ̀ àtijọ́ wọ inú rẹ̀, àti títún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́. Ìdí tí ọjà náà fi ń gbilẹ̀ kò fara sin. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nígbà tí yóò bá fi di ọdún 2030, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà láyé ni yóò ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé irú wọn yóò tó bílíọ̀nù 2.1 ní ọdún 2050. Ilé ìwòsàn pàápàá ti ń tètè dá aláìsàn padà sílé, débi pé iṣẹ́ tí wọ́ọ̀dù ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ inú yàrá.

Ẹ jẹ́ ká wo Amẹ́ríkà, níbi tí ọjà yìí ti gbó. Láti ọdún 1999 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àwọn àgbàlagbà, ti ń béèrè pé kí nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé aláìsàn dáhùn àtòjọ ìbéèrè gígùn kan tí wọ́n ń pè ní OASIS. Ìdáhùn wọ̀nyí wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ iye tí wọn yóò san. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, wọ́n yí ìlànà ìsanwó náà padà, owó tí wọ́n ń ṣírò lórí ọgọ́ta ọjọ́ sì di èyí tí wọ́n ń ṣírò lórí ọgbọ̀n ọjọ́, èyí tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo òǹtajà láti tún ètò wọn ṣe. Ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 2009, orílẹ̀-èdè yìí kan náà ṣe òfin tó fi owó ṣe kóríyá fún ilé ìwòsàn àti dókítà tó bá gba àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà wọlé, àmọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn nílé kò sí lára àwọn tó gba owó náà. Àpò ara wọn ni wọ́n fi ra tiwọn, ó sì bójú mu lójú wọn láti ra èyí tí yóò mú owó wọn tètè wọlé. N kò dá wọn lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé ètò tí a bá ṣe nítorí ìwé owó yóò mọ ìwé owó ṣe dáadáa, yóò sì máa fa ẹsẹ̀ níbi tó ti yẹ kó bá ilé ìwòsàn tó dá aláìsàn sílẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì ló ń ru ẹrù ìfàsẹ́yìn yìí. Àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà yóò tún orúkọ oògùn mẹ́wàá kọ láti ara páálí tó bá lórí tábìlì aláìsàn, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti rọrùn jù. Bí kò bá sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú ilé náà, tí ètò náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i, yóò kọ ọ́ sórí bébà, yóò sì tún un kọ sínú fóònù lálẹ́, ní àsìkò tó yẹ kó wà pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Ojú tó yẹ kó fi wo àwọ̀ ara àti mímí aláìsàn, ojú fóònù ló ń wò. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí bí wọ́n bá bi í léèrè kí wọ́n tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn.

Ìbẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́rìí sí náà wà níbẹ̀. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 ní kí ẹ̀rọ máa kọ nǹkan mẹ́fà sílẹ̀ nípa ìbẹ̀wò ìtọ́jú ilé kọ̀ọ̀kan tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba tó wà fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan, bá sanwó rẹ̀: irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ọjọ́, ibi, ẹni tó ṣe é, àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí. Mo fara mọ́ èrò tó wà nídìí rẹ̀, torí ìwà ibi gbáà ni kí ẹnì kan gba owó ìtọ́jú arúgbó tí kò fojú kàn. Òfin náà kò sì sọ pé dandan ni kí wọ́n fi GPS tọpasẹ̀ ẹnikẹ́ni. Òun fúnra rẹ̀ ló tilẹ̀ ní kí àwọn ìpínlẹ̀ gbọ́ tẹnu àwọn tó ń gba ìtọ́jú àti àwọn mọ̀lẹ́bí tó ń tọ́jú wọn. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti mú ètò tó ń lo GPS, àwọn aláàbọ̀ ara figbe ta pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ olùtọ́jú àwọn ń ṣọ́ àwọn náà, nítorí ibi tí wọ́n bá jọ lọ ni ẹ̀rọ náà ń kọ sílẹ̀. Ìgbà tí ọjà ti débi títà ni wọ́n tó gbọ́ igbe wọn dáadáa.

Èyí tó ká mi lára jù ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Advanced, tó ń ta ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ìlera. Àkáǹtì oníbàárà kan tí kò ní àyẹ̀wò kejì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìwọlé ni wọ́n gbà wọlé. Iṣẹ́ dàrú lórí NHS 111, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń pè fún ìmọ̀ràn ìlera, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan kò sì rí àkọsílẹ̀ aláìsàn wọn wò. Nígbà tí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ààbò dátà níbẹ̀ bu owó ìtanràn pọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 3.07 lé ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn 79,404 ni wọ́n jí kó, àti pé lára rẹ̀ ni bí èèyàn ṣe lè wọlé àwọn 890 tí wọ́n ń tọ́jú nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Fáìlì ilé ìwòsàn kì í sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, torí kò sí ìdí tí yóò fi sọ ọ́. Ti ìtọ́jú ilé ń sọ ọ́, torí aláìsàn tí kò lè dìde kò lè wá ṣílẹ̀kùn. Ó ń sọ nọ́ńbà tó ń ṣí géètì, ó ń sọ pé màmá náà ń dá gbé, ó ń sọ wákàtí tí olùtọ́jú máa ń dé àti ìgbà tó máa ń lọ. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ohun tó wà nínú ewu ti kọjá àṣírí àìsàn. Ó yà mí lẹ́nu pé nínú ìpolówó ọjà wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ yìí kì í gba ju ìlà kan lọ, nígbà tí ìyára ìwé owó ń gba ojú ìwé kan gbáko.

Bí àwọn ńlá ṣe ń ra kékeré mọ́ra náà kàn wá. Ilé-iṣẹ́ ResMed ra Brightree lọ́dún 2016 ní dọ́là mílíọ̀nù 800, ó sì ra MatrixCare lọ́dún 2018 ní dọ́là mílíọ̀nù 750; ètò kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ ìtọ́jú ni àwọn méjèèjì ń tà. Èyí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ aláìsàn máa ń bá títà náà lọ, ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú tó bá sì fẹ́ kúrò lórí ètò kan lè rí i pé àkọsílẹ̀ ọdún púpọ̀ kò ṣeé kó jáde ní irú ọ̀nà tí ètò mìíràn yóò lè kà. Ìlànà tó lè yanjú èyí ti wà, ìyẹn ọ̀nà kan náà tí ètò kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi lè fi ka àkọsílẹ̀ ìlera ara wọn. FHIR ni wọ́n ń pè é, HL7, àjọ tó ń ṣe ìlànà fún pípàṣípààrọ̀ àkọsílẹ̀ ìlera, ló sì gbé e kalẹ̀. Kí olùrà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn láti ọjọ́ kìn-ín-ní pé ọ̀nà yìí ni wọn yóò fi kó àkọsílẹ̀ náà fún òun bí òun bá ń lọ, láìgba owó mìíràn.

Ní báyìí, wọ́n tún ti ń ta ètò tó ń fetí sí ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn ń sọ, tó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó lè gba nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ìkọ̀wé alẹ́ tí mo sọ lókè, inú mi yóò sì dùn sí i. Àmọ́ ilé ni ibẹ̀, àwọn tí kì í ṣe aláìsàn ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n gba àṣẹ lẹ́nu onílé kí ẹ̀rọ tó la etí.

Nítorí náà, mo ń bẹ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ ra ètò kí ó kọ́kọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì tirẹ̀ lò, nínú ilé gidi, pẹ̀lú àwọn aláìsàn tó gbà bẹ́ẹ̀, kí ó sì fi èsì wọn sínú ohun tí yóò fi pinnu. Kí aláìsàn tàbí ẹni tó ń dúró fún un lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kó sì lè ní kí wọ́n tún èyí tó bá ṣì ṣe. Ní ti kọ́kọ́rọ́ àti nọ́ńbà géètì, kí wọ́n fi wọ́n síbi ọ̀tọ̀ tí olùtọ́jú ọjọ́ náà nìkan yóò ti lè rí wọn, kí wọ́n sì pa wọ́n rẹ́ ní ọjọ́ tí ìtọ́jú bá parí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì