Lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ Okun tí ẹ ń tọ́mọ lẹ́yìn odi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Okun o. Mo kí yín láti Kàbà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù.

Ní Kérésì tó kọjá, ọ̀kan nínú yín kó ọmọ wálé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí àwọn ọmọ àdúgbò ti pé sẹ́nu ọ̀nà, tí ọ̀kan di rímù kẹ̀kẹ́ mú pẹ̀lú igi tó fi ń tì í. Ọmọ àlejò wa sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Mo bi í pé ta lọ̀rẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò wọn lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ ló dáhùn: "Màmá, a ò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀." Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń gbé ilé náà.

Ó dùn mí. Láti Ìjùmú dé Yàgbà, láti Bùnú dé Ọ̀wọ́rọ̀, ìkíni wa, "Okun", layé fi ń pè wá. Báwo lọmọ Okun yóò ṣe gbé ibì kan fún ọdún mẹ́fà láìkí ará ilé kejì?

Mi ò bá yín wí bí ẹni tí kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dé Köln ní Jámánì, mo gbọ́ orin lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n gbé fìtílà oníbébà dání. Mo pa iná, mo dákẹ́ títí wọ́n fi lọ. Ọjọ́ kejì ni ará òkè ilé wa sọ fún mi pé àjọ̀dún Martin Mímọ́ ni, ẹni tó gé aṣọ ara rẹ̀ sí méjì fún alágbe, àti pé àwọn ọmọ a máa kọrin láti ilé dé ilé kí wọ́n lè gba súwíìtì. Ojú tì mí. Àwa náà kọ́ là ń ya ilé onílé jẹ ìrẹsì Kérésì ni? Nígbà tó di ọdún kejì, mo ra súwíìtì sílẹ̀, àwọn ọmọ mi sì gbé fìtílà tẹ̀lé wọn. Láti ìgbà náà ni aago ẹnu ọ̀nà wa ti ń dún: "Ṣé ó lè jáde wá ṣeré?"

Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí dáadáa. Mo bu kúlíkúlí fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ́jọ́ kan. Kò pẹ́ tí ètè rẹ̀ wú, tó ń fọwọ́ ha ọrùn, tí èémí rẹ̀ ń hán. Mo figbe ta. Ìyá rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan tó rí bíi bírò ńlá, ó gún un nítan, a pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì wọn. Ọlọ́run ló yọ wá. Ẹ̀pà tí à ń fi tọ́mọ níbí lè dí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ẹlòmíràn. Ì báà ṣe bísíkíìtì lásán, ẹ bi òbí rẹ̀ kí ẹ tó fún un. Kò sí ẹ̀gàn níbẹ̀.

Ọwọ́ ńkọ́? Ẹ ká a kò. Láti ọdún 2000 ni òfin Jámánì ti fún ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ pé kí wọ́n tọ́ ọ láìnà án. Òfin tó ní kí òbí má na ọmọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Scotland ní 2020, ní Wales ní 2022. Tí ọmọ aládùúgbò bá ṣẹ̀ yín, òbí rẹ̀ ni kí ẹ pè.

Mo mọ̀ pé ẹ̀rù irú òfin bẹ́ẹ̀ ló ń mú ẹlòmíràn tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀. Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a wò ó. Àmọ́ lọ́hùn-ún, igba ènìyàn yẹn kì í wọlé fúnra wọn, ẹ̀yin lẹ máa lọ kí wọn. Ẹ mú ọmọ yín lọ síbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣeré lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jókòó, ẹ gbé fóònù sápò, ẹ kí òbí tó bá wà nítòsí.

Tí ẹ bá tún pè mí, orúkọ ọmọ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ni mo máa kọ́kọ́ bi yín.

Èmi ni,
Màmá yín ní Kàbà